Géèmù wo ló dára? Bí a ṣe lè díwọ̀n géèmù àtijọ́ àti ti òde òní kí a tó fi owó rà á

Ìgbàkígbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ni ìbéèrè yìí máa ń wọlé sórí fóònù ilé iṣẹ́ wa: "Ẹ jọ̀ọ́, géèmù wo ni kí n rà fún ọmọ mi?" Àwọn kan á tún fi kún un pé, "Èyí tó bá ti lóde jù ni kẹ́ ẹ sọ o." Ọ̀rọ̀ kejì yẹn gan-an ló mú ká kọ àpilẹ̀kọ yìí. Géèmù kì í ṣe búrẹ́dì tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú iná ló dùn jù. Èyí tó ti pé 40 ọdún wà tí kò tíì bu rárá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó jáde lọ́dún tó kọjá lè jẹ́ ìjẹkújẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta la fi ń díwọ̀n wọn. Àkọ́kọ́, kí ni ẹ̀rọ ìgbà tí wọ́n ṣe é lè ṣe, kí sì ni àwọn tó ṣe é fi ẹ̀rọ náà ṣe? Èkejì, irú géèmù wo ni, ṣé ó sì ń ṣe ohun tí irú rẹ̀ ń ṣèlérí? Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, àmọ́ tó ká àwa lára ní Alákìá níbí: kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a, ní owó, ní dátà, ní iná mànàmáná àti ní àkókò?

Ẹ má fi àwòrán dájọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ta ni kò mọ Brick Game, ẹ̀rọ pélébé tó ń lo bátìrì rìmóòtù, tí wọ́n kọ 9999 sí lára? (Irọ́ ni 9999 yẹn o. Géèmù díẹ̀ ni wọ́n ń yí padà sótùn-ún sósì.) Ògúnná gbòǹgbò géèmù inú rẹ̀ ni Tetris. Alexey Pajitnov, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Moscow, ló ṣe é ní 1984 lórí kọ̀ǹpútà kan tí kò lè ya àwòrán rárá. Àmì ìkọ̀wé lásán ló fi to búlọ́ọ̀kù inú rẹ̀. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí ojú èèyàn. Òfin rẹ̀ kò ju kí èèyàn to búlọ́ọ̀kù kí ìlà kún, ìlà tó bá kún á pòórá. Síbẹ̀, oṣù Kejìlá 2023 ni ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbá Tetris tí Nintendo ṣe ní 1989 títí ẹ̀rọ fi dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí aráyé mọ̀ tó gbá a débẹ̀. Ọdún 34 ni géèmù yẹn fi ń dúró dè é.

Ayò ọlọ́pọ́n wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á láàárọ̀ kan ṣoṣo, àgbàlagbà tó ti ń ta á láti kékeré á ṣì máa fọwọ́ lérán kó tó kó ihò kan. Ohun tí à ń wá nínú géèmù gan-an nìyẹn: kó má pẹ́ láti kọ́, kó pẹ́ láti mọ̀ tán. Àwòrán tó ń dán ò lè fún géèmù ní ìyẹn.

Nígbà míì, àìlera ẹ̀rọ gan-an ló máa ń di adùn. Tomohiro Nishikado ló ṣe Space Invaders ní Japan ní 1978. Ẹ̀rọ tó lò kò lágbára láti gbé gbogbo ọ̀tá tó wà lójú rẹ̀ sáré. Bí wọ́n bá ṣe ń yìnbọn pa wọ́n, ẹrù ẹ̀rọ á máa fúyẹ́, àwọn tó ṣẹ́kù á wá máa sáré sí i. Nishikado rí i, kò sì tún un ṣe, torí ó rí i pé ó ń já àyà ẹni tó ń gbá a. Ìpayà yẹn ló gbé géèmù náà kárí ayé.

Super Mario Bros. ti ọdún 1985 ńkọ́? Gbogbo géèmù yẹn, ìpele 32, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sábà máa ń tóbi jù ú lọ. Torí pé àyè ò sí, ìkùukùu ojú ọ̀run àti igbó ilẹ̀ inú rẹ̀, àwòrán kan náà ni. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n pa dà. Ẹ tún wo bó ṣe ń kọ́ èèyàn láìsọ̀rọ̀: bí ẹ bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀tá kékeré kan á máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ ò bá fò, ẹ kú. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó fò. Ó tán. Ẹ fi wé géèmù òde òní tó máa fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ sí yín létí kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan nǹkan.

Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà ní agbègbè yìí ni kò mọ̀ nígbà yẹn pé Nintendo ló ni Mario. Ayédèrú ẹ̀rọ Famicom la fi gbá a, irú èyí tí wọ́n kọ Terminator sí lára, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tí a máa ń fẹnu fẹ́ inú rẹ̀ bó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹni dúdú ló wà nídìí kásẹ́ẹ̀tì géèmù o. Jerry Lawson, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí àwọn tó ṣe Fairchild Channel F ní 1976, ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí géèmù rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè yọ kó fi òmíràn sí i. Ṣáájú ìyẹn, géèmù tí wọ́n bá ti kàn mọ́ inú ẹ̀rọ ni ẹ ó máa gbá títí ẹ ó fi sú.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?

Ẹni tó wà ní Tokyo lè má ro èyí rárá. Àwa ní láti rò ó. Contra, géèmù ọlọ́gun méjì tó gbajúmọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì ìyeyè wọ̀nyẹn, kò ní ibi tí èèyàn lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹ lè ti dé ìpele tó kẹ́yìn, kí wọ́n mú iná, kí gbogbo rẹ̀ sì di òfo. Ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ bó ṣe ń rí. The Legend of Zelda tó dé Amẹ́ríkà ní 1987 wá ojútùú: bátìrì kékeré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń rántí ibi tí èèyàn dé. Nígbà tó di ti PS2, mẹ́mọ́rì káàdì ni, MB 8 péré, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì máa ń gbé e sápò bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé.

Torí náà, kí ẹ tó ra géèmù onítàn gígùn, ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́. Èyí tó ń fi í pamọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló bá wa mu jù. Èyí tó jẹ́ pé ó dìgbà tí èèyàn bá dé ibì kan pàtó, ẹni tó ní sólà tàbí íńfátà ni kó rà á. PS4 tí iná bá já mọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún tàn án, á kọ́kọ́ yẹ inú ara rẹ̀ wò kó tó gbà yín láàyè. Ìkìlọ̀ ni o. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́.

Ẹ díwọ̀n irú pẹ̀lú irú

Ẹnikẹ́ni ò lè fi òṣùwọ̀n ẹ̀wà wọn ẹ̀pà. Géèmù bọ́ọ̀lù tí kò ní ìtàn kò ṣẹ̀. Géèmù ìtàn tí kò gba ẹni méjì kò ṣẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ló gbòde ní ilé géèmù wa, láti Ìwó Road dé Adégbayí, títí dé Ẹgbẹ́dá. Bẹ́ǹṣì kan, tẹlifíṣàn kan tàbí méjì, jẹnẹrétọ̀ níta, ẹni tó bá sọnù ni kó dìde kí ẹni tó kàn jókòó. Níbẹ̀ gan-an ni a ti mọ̀ bóyá géèmù bọ́ọ̀lù dára: ṣé ẹni tó sọnù mọ ìdí tó fi sọnù? Tó bá dìde tó ń sọ pé, "Mi ò tètè jáde sí i ni," géèmù náà dára. Tó bá ń sọ pé, "Ẹ̀rọ ló rẹ́ mi jẹ," tí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì gbà pé òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀.

Konami ti Japan ló mú orí àwọn ọmọ wa dá lórí PS1 àti PS2 pẹ̀lú Winning Eleven, tí wọ́n tún ń pè ní Pro Evolution Soccer. PES 6 tó jáde ní 2006 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń rántí. Kò ní ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ púpọ̀, débi pé Merseyside Red ló pe Liverpool. Ó tún ní àbùkù mìíràn: Adriano ti Inter Milan lágbára jù níbẹ̀, tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kí gólì ẹni máa gbàdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí, bí ẹsẹ̀ ṣe ń kàn án, bí ẹlẹ́yìn ṣe ń rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 80, ó dà bíi bọ́ọ̀lù gidi. FIFA ti EA ní tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, orúkọ gidi àti aṣọ gidi ló fi ń fani mọ́ra. Ọdún pẹ̀lú kí ó tó bá Konami lórí pápá, kó sì wá yọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2023, orúkọ FIFA kúrò lára rẹ̀, ó di EA Sports FC.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, Konami kó orúkọ PES dànù, wọ́n gbé eFootball jáde, ọ̀fẹ́, lórí ẹ̀rọ tó lágbára ju PS2 lọ ní ọ̀nà tí a ò lè kà. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ́, ọwọ́ wọn ń yí sódì, àwọn tó gbá a sì bú u títí ó fi wà lára àwọn tí wọ́n kórìíra jù lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà. PES 6 tó ti pé ọdún 15 nígbà náà ṣàn ju ìyẹn lọ jìnnà. Wọ́n ti tún un ṣe látìgbà náà, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣì wà fún òbí tó fẹ́ ra èyí tó "lóde jù". Ní tèmi, géèmù bọ́ọ̀lù tó ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́jà ni mo máa rà. Ìyàtọ̀ ò pọ̀, orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó ti kúrò ní ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó rẹ̀ á sì ti wálẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí PS2 pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa náà nìyẹn: àwọn tó ń da síídì kọ a máa fi orúkọ tuntun sí bọ́ọ̀lù àtijọ́ lọ́dọọdún. PS2 tó lé ní mílíọ̀nù 155 ni Sony tà kárí ayé.

Géèmù ìjà gba ojú mìíràn. Street Fighter II ti 1991 gbé ẹni mẹ́jọ kalẹ̀ fún wa, yàtọ̀ sí Ryu àti Ken tó jọra, ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà jà yàtọ̀, ẹni tó bá mọ tirẹ̀ dáadáa lè na ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Mortal Kombat tó tẹ̀ lé e ní 1992, ẹ̀jẹ̀ ló fi polówó ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1993, ohun tó sì bí àjọ ESRB tó ń kọ ọjọ́ orí sára géèmù níbẹ̀ láti 1994 nìyẹn. Ti Yúróòpù ni PEGI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹ máa ń rí lára páálí: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Nọ́ńbà yẹn kì í sọ bí géèmù ṣe le tó o. Ọjọ́ orí ọmọ tó yẹ kó wò ó ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣi èyí mú.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kókó ni Grand Theft Auto: San Andreas ti 2004. Bí iṣẹ́ ọwọ́, ó ga: ìlú ńlá mẹ́ta, oko àti aginjù láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ lórí PS2. Àmọ́ ìpànìyàn, aṣẹ́wó àti ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ kún inú rẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n sì ṣe é fún. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń gbá a lójú gbogbo ayé ní ilé géèmù. Géèmù lè dára kó má dára fún ọmọ yín. Ìdájọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ti mọ́tò ò gba àlàyé púpọ̀: tí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ wúwo ní kọ́nà, ó dára. Ní ti èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, Minecraft ti 2011 lọ̀gá. Àwòrán rẹ̀ rí bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó sílẹ̀ fún bíríkìlà, iye tí wọ́n ti tà sì ti kọjá mílíọ̀nù 300. Tí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa tú nǹkan kó tún un tò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀fẹ́ tó ń gbowó

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gbá géèmù báyìí, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè kẹta wa ti mú jù. Snake ni baba wọn. Taneli Armanto ló ṣe é fún Nokia 6110 ní 1997. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001, Nokia 3310 àti Snake II inú rẹ̀ ló gba ìgboro. Ejò náà kì í bèèrè dátà, kì í polówó ọjà, kì í sọ pé kẹ́ ẹ fi ATM sí i. Ẹ ra fóònù, ẹ ra ejò.

Candy Crush Saga ti 2012 yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Ẹ̀mí márùn-ún lẹ ní. Tí wọ́n bá tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹyọ kan tó padà, àfi tí ẹ bá sanwó. Ìdúró yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Kì í ṣe pé géèmù náà burú ní ṣíṣe, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó léwu fún ọmọ tó ní fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni àpótí àdììtú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àyàfi tó bá sanwó ṣí i. Bóyá agbábọ́ọ̀lù ńlá ni, bóyá ẹni tí ẹnìkan ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní 2018, ìjọba Belgium sọ pé tẹ́tẹ́ ni, EA sì dẹ́kun títa owó inú FIFA níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019. Àwa tí a mọ kálòkálò, ṣé ẹnikẹ́ni tún ní láti ṣàlàyé fún wa?

Dátà náà ńkọ́? Oṣù Kìíní 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó fi dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Géèmù tí kò lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ti di gbèsè ojoojúmọ́. Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dán an wò: ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, kí ẹ wá ṣí géèmù náà. Tó bá ṣí, tó sì ṣeé gbá dáadáa, kò nílò dátà. Kí ẹ tó gbé fóònù fún ọmọ, ẹ wọ inú Play Store, ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa bèèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé kó tó ra ohunkóhun.

Lórí ọ̀rọ̀ àkókò, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti fi ìṣòro géèmù àgbákúdórógbó sínú ìwé àìsàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2022. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ní aláìsàn o. Ohun tí wọ́n ń wò ni ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tó fi géèmù ṣáájú oúnjẹ, oorun àti ẹ̀kọ́, tí kò sì jáwọ́ bó tilẹ̀ ń pa á lára, tí èyí sì ti ń lọ fún nǹkan bí oṣù 12.

Tiwa dà?

Orúkọ wa ti wọ géèmù ńláńlá. Nínú Overwatch, géèmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 2016, jagunjagun kan wà tó ń jẹ́ Akande Ogundimu, ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Efi Oladele, òun ló ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n pè ní Orisa. Inú mi dùn sí i, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá nìkan ò sọ géèmù di tiwa, bí ẹ bá yọ orúkọ yẹn kúrò, géèmù yẹn ò ní yí padà.

Àwọn tó ń ṣe tiwa náà wà. Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, Okada Ride sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́dún kan náà, Abiola Olaniran tó jáde ní OAU Ilé-Ifẹ̀ dá Gamsole sílẹ̀, ó ṣe Gidi Run, ó sì rí ọjà gidi lórí fóònù Windows. Ọlọ́kadà tó ń sá fún ohun tó wà lójú títì Èkó, ẹni tó bá mọ Ìwó Road láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa gbádùn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n Microsoft ti ti ọjà géèmù Windows Phone 8.1 pa ní oṣù Kejìlá 2019. Tetris 1984 ṣì wà, a lè díwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù fún fóònù yẹn ní Nàìjíríà, ọdún díẹ̀ péré ni iṣẹ́ wọn fi wà níbi tí aráàlú ti lè gbà á. Tí ẹ bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ̀mù.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ní Queen Cinema tàbí Ìwó Road: ẹ mú síídì tiyín dání, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á lójú yín, torí lẹ́ǹsì ló máa ń kọ́kọ́ kú. PS3 tàbí PS4 tí wọ́n ti já, tí wọ́n kó géèmù kún inú rẹ̀, ń dín owó kù lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Sony lè tì í pa. PS5 wà ní oríṣi méjì, èyí tó ní ojú síídì àti èyí tí kò ní. Èyí tí kò ní kéré lówó, àmọ́ gbogbo géèmù rẹ̀ lẹ ó fi dátà fà wálẹ̀, ẹyọ kan sì lè ju GB 100 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé páàdì sórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tí ẹni inú géèmù bá ń dá rìn fúnra rẹ̀, páàdì yẹn ti bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.